Mítà Tí Mo Sọ Ní Olóòótọ́

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ilé tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn lónìí ni ti Ajẹ́lẹ̀. Dóńà Amantina ni gbogbo ìlú Baní ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ajẹ́lẹ̀, torí bó ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀, Bàbá Confesor, ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ló fi ń mí, tọ̀sán tòru. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ínfátà ló ń gbé ẹ̀rọ náà. Bí ínfátà bá kú — mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Àyẹ̀wò lásán ni mo lọ ṣe. Mo gbé Olóòótọ́ lé e. (Mítà tí mo fi ń wọn iná. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yẹ ẹ́.) Ó ní iná tí ínfátà ń dà sínú bátìrì ti pọ̀ jù, fólítì 15.8, nígbà tó yẹ kó wà ní 14.4. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, omi inú bátìrì á hó gbẹ. Mo fi sukudíráfà yí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń dín iná náà kù nínú ínfátà títí Olóòótọ́ fi sọ iye tó yẹ. Ajẹ́lẹ̀ bu kọfí fún mi. Ó ní, "Fior, ọmọ mi, ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ iná yìí."

Mo rìn wálé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè. Ṣebí èmi nìkan lobìnrin tó ń tún ínfátà ṣe níbí. Mo nu Olóòótọ́ dáadáa kí n tó gbé e sápò. Sítíkà Wúńdíá Altagracia tí Màmá mú bọ̀ láti ilé ìjọsìn Higüey ní Oṣù Kìíní ṣì wà lára rẹ̀, ní igun gíláàsì, níbi tí nọ́mbà kankan kì í yọ sí. Màmá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí iná má bàa gbé ọmọ òun. Èmi ni mo ní kó wà níwájú, kí n lè máa rí ojú rẹ̀ bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́kadà lẹ tirẹ̀ mọ́ táńkì, alápatà lẹ tirẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n. Kí ló wá burú nínú tèmi?

Ọjọ́rú, 26

Ihò iná ilé wa: 132, dípò 120. Ó pọ̀ jù! Mo pariwo kí Màmá yára yọ fíríìjì. Ó yọ ọ́. Ó gbàgbé, èmi náà gbàgbé. Ẹran ewúrẹ́ tó fẹ́ sè lọ́jọ́ Àìkú ti ń rùn. Tàárọ̀ talẹ́ ni Màmá ń ṣépè fún àwọn tó ń pín iná, èmi náà ń ṣe àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n mú iná lọ lánàá, ínfátà ò sì lè gbé ẹ̀rọ Bàbá títí iná fi dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá tó lè mu kọfí méjì, kó tún sun oorun ọ̀sán, kí ínfátà yẹn tó rẹ̀!

Mo débẹ̀, wọ́n ti tún mú iná lọ. Mo gbé mítà lé bátìrì. Ó kún. Omi inú rẹ̀ pé, ẹnu wáyà mọ́ tónítóní. Bátìrì tó kún, tí kì í pẹ́ kó tó kú. Èyí ò yé mi. Gílóòbù méjì, fáànù kan, ẹ̀rọ ọ́síjìn — ìwọ̀nba nìyẹn, kò lè mu ún gbẹ kíákíá bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹnì kan bá ń so nǹkan ńlá mọ́ ọn.

Mo wo yíká. Ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tó yẹ kí wọ́n máa gbé mọ́tò sí, ni Yudelka ti ń ṣe irun. Ìyàwó Radhamés ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ajẹ́lẹ̀ bí, èyí tó wà ní Niú Yọ́ọ̀kì. Yudelka ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí ọkọ rẹ̀, òun ló ń wẹ Bàbá, òun ló ń fọ rọ́bà imú rẹ̀. Díráyà mẹ́ta ló wà lára ògiri rẹ̀. Díráyà! Ọ̀kan péré tó láti mu bátìrì yẹn gbẹ.

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo wálé. Mo kàn rí i ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ ńlá. Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ínfátà kú. Ètè Bàbá Confesor ti di aláwọ̀ aró kí wọ́n tó rí ìgò ọ́síjìn kékeré tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yudelka ló rí i. Wọ́n ní ó sáré wọlé pẹ̀lú kóòmù lẹ́nu. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, Bàbá ti ń mí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ti lọ bọ̀.

Mo gbé Olóòótọ́ lé bátìrì lójú gbogbo wọn. Ó ṣì sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Àgbàlá kún. Àwọn oníbàárà Yudelka jókòó pẹ̀lú róólà lórí. Ajẹ́lẹ̀ dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Mo ní bátìrì ò ní àìsàn, ẹnì kan ló ń jẹ iná Bàbá. Ajẹ́lẹ̀ ní ta ni. Mo ní èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n díráyà ni mo ń wò, gbogbo wọn sì bá mi wò ó.

Yudelka ní, "Àǹtí Fior, tí iná bá ti lọ, mi ò kí ń fọwọ́ kan díráyà. Ẹ bi wọ́n. Orí tútù ni wọ́n fi ń jókòó títí iná á fi dé." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní òótọ́ ni. Ajẹ́lẹ̀ já lù ú: "Ìwọ ọ̀rẹ́ ẹ, kí ni ká ti retí pé o máa sọ?"

Yudelka wá kọjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ tún mítà yín wò, àǹtí. Bóyá òun ni ara ẹ̀ ò yá."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dé ibi tí kò yẹ kó dé nínú mi. Mo gbé Olóòótọ́ sókè, mo ní, "Mítà ò lọ́rẹ̀ẹ́, kò sì ní àna. Ohun tó bá rí ló ń sọ."

Ẹ̀rín tán. Ó dùn lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i láti ìgbà tí mo ti délé, fún Màmá àti fún ara mi.

Ọjọ́rú, 2

Yudelka ti lọ. Wọ́n ní Radhamés pè láti Niú Yọ́ọ̀kì, Ajẹ́lẹ̀ sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Radhamés bi Yudelka pé, "Ṣé torí irun lo ṣe fẹ́ pa bàbá mi?" Ó ní kó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Paya títí òun á fi dé. Yudelka gbé báàgì kan àti díráyà kan. Wọ́n ní Bàbá Confesor sunkún.

Màmá bi mí nígbà tí a ń jẹun: "Ṣó dá ẹ lójú?" Mo ní mítà ni. Ó ń fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo lọ ra bátìrì fún oníbàárà kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó wà lórí pẹpẹ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì so mọ́ nǹkan kan. Mo fi mítà kàn án, bí mo ṣe máa ń ṣe. 14.0.

Kò ṣeé ṣe. Bátìrì tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí pẹpẹ ò lè ju méjìlá àti díẹ̀ lọ. Mo tún un wò. Mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bákan náà. Ọlọ́jà náà ní, "Ṣó dáa?" Mo ní ó dáa. Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Mo ti ìlẹ̀kùn. Mo sọ fún Màmá pé orí ń fọ́ mi.

Wáyà pupa àti dúdú ti mítà kọ́kọ́: mo pa ẹnu wọn pọ̀, mo ń tẹ ọrùn wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún bóyá ó ti já nínú. Mítà ń dún láìdábọ̀. Ó dáa. Mo pààrọ̀ wọn síbẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Fíúsì: ó dáa. Mo fi ọtí ìfọgbẹ́ fọ ihò tí wáyà ń wọ̀. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo nu bàbà tó wà lábẹ́ ibi tí a ń yí. Ó mọ́ débi pé mo lè rí imú mi níbẹ̀. Mo ra bátìrì rìmóòtù tuntun méjì ní ṣọ́ọ̀bù ìkángun òpópónà. Kò yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 1.6 lọ. Olóòótọ́ ní 1.76.

Bátìrì inú òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Rárá. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, àwòrán bátìrì kékeré máa ń yọ lójú gíláàsì. Mo wo ojú gíláàsì títí ojú fi ń ro mí. Kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi nọ́mbà àti Wúńdíá.

Irọ́ ló ń pa fún mi. Láti ìgbà wo?

Ọjọ́ Àìkú, 6

Wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án. Ínfátà Ajẹ́lẹ̀ tún kú. Kò sí Yudelka níbẹ̀. Kò sí oníbàárà. Díráyà méjì tó kù wà lára ògiri pẹ̀lú eruku.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo ti mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ajẹ́lẹ̀ ò jẹ́ kí n ya ẹnu. "Ṣé ẹ rí i? Ó ti ba bátìrì yẹn jẹ́ kó tó lọ!" Àwọn ará àdúgbò ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọbìnrin yẹn ti mu ún gbẹ dé egungun. Gbogbo wọn wá ń wojú mi, oníṣẹ́ iná.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Confesor di ọrùn ọwọ́ mi mú nígbà tí wọ́n ń so ìgò ọ́síjìn mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Kò lè sọ̀rọ̀. Mo rò pé orúkọ Yudelka ló fẹ́ pè, mo sì ṣe bí ẹni tí ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ooru. Òógùn ń kán sórí tábìlì. Mo tún ń fi ọtí nu ojú Olóòótọ́, bóyá ìgbà kẹwàá. Ọtí wọ abẹ́ sítíkà. Etí rẹ̀ gbé sókè. Mo fi èékánná ṣí i.

Abẹ́ ẹsẹ̀ Wúńdíá ló wà. Àwòrán bátìrì kékeré, dúdú kirikiri. Ó ti wà níbẹ̀ tó ń ké pè mí, èmi sì ti fi ẹni mímọ́ bò ó lẹ́nu.

Mo pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀ tó ti rẹ̀, tó ń mú kó fi kún gbogbo nọ́mbà. Bátìrì rìmóòtù: 1.6. Ihò iná ilé wa: 120. Kò sí ohun tó ṣe fíríìjì Màmá nígbà yẹn. Ẹran ewúrẹ́ tí a dànù, ọwọ́ mi ló pa á.

Mo wá jókòó, mo ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. 15.8 tí mo rí nílé Ajẹ́lẹ̀, 14.4 gan-an ló jẹ́. Ibi tó yẹ kó wà ló wà. Èmi ni mo yí nọ́ọ̀tì. Èmi ni mo fi ebi pa bátìrì yẹn, tí kò fi rí iná tó kún jẹ mọ́. Kí n tó fọwọ́ kàn án, kò ní wàhálà kankan. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ro ìyẹn, èmi náà ò rò ó, torí pé èmi ni Fior.

Yudelka ní kí n tún mítà mi wò. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sọ fún mi!

Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jókòó sójú kan nínú yàrá tí mo dá wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Mo lọ sílé Ajẹ́lẹ̀. Mo ní mo fẹ́ fọ bátìrì. Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń dín nǹkan. Mo yí nọ́ọ̀tì padà sí ibi tí mo ti bá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Gbogbo ohun tó lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nílé ọkọ, nọ́ọ̀tì tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan.

Mo ti pinnu láti sọ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ajẹ́lẹ̀ yíjú padà, ó ní, "Ṣó ti dáa báyìí, ọmọ mi?" Mo ní, "Mo ti tún un ṣe, Màmá."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Mo gba ẹ̀dẹ̀ jáde. Bàbá Confesor wà lórí àga rẹ̀, ó ń wò mí. Mo kí i, mo sì yára.

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n mú iná lọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ínfátà Ajẹ́lẹ̀ gbé ẹ̀rọ Bàbá títí iná fi dé. Mi ò lè yọ̀.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 13

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ènìyàn pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Ajẹ́lẹ̀ dì mọ́ mi lójú wọn. Ó ní, "Ẹ wò ó! Láti ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn ti kúrò, tí Fior sì tún ohun tó bà jẹ́ ṣe, ínfátà wa ò kú mọ́. Fior ló tú àṣírí ẹ̀. Tí kì í bá ṣe Fior, ọkọ mi ti kú." Àwọn obìnrin ń yìn mí. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó sọ lọ́jọ́ yẹn pé òótọ́ ni Yudelka ń sọ. Ó dorí kodò. Ó ní, "Àṣé bẹ́ẹ̀ ni," pẹ̀lú ohùn kékeré.

N kò ronú dé ibẹ̀. Mo rò pé bí mo bá tún un ṣe jẹ́jẹ́, bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á gbàgbé, wọ́n á pe Yudelka padà. Àṣé títún tí mo tún un ṣe ni ẹ̀rí tó kù tí wọ́n ń wá. Bí ínfátà bá ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i ni ẹ̀bi Yudelka ń pọ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni wọ́n ní. Ní báyìí wọ́n ní ẹ̀rí, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe é fún wọn.

Mo gbé imọ̀ ọ̀pẹ síwájú ojú mi. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, 17

Radhamés ti dé láti Niú Yọ́ọ̀kì fún Àjíǹde. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ ẹ̀wà aládùn, èyí tí a máa ń sè kí Àjíǹde tó dé, wá láti ilé wọn. Ó ti sanra díẹ̀. Bàtà rẹ̀ funfun. Ó tẹríba fún mi, ó ní, "Àǹtí Fior, Ọlọ́run á san án fún yín. Bàbá mi wà láàyè nítorí yín."

Mo gba abọ́ náà. Ó gbóná, mílíìkì àti ọ̀dùnkún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn bisikí kéékèèké tí wọ́n ya àgbélébùú sí. Ajẹ́lẹ̀ ti to bisikí náà yíká ojú rẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń gbé fún àlùfáà. Mo bi í pé Yudelka ńkọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ò tíì lọ sí Paya, òun ò sì mọ̀ bóyá òun máa lọ. Ó ní, "Mi ò mọ bí màá ṣe wojú ẹ̀." Ó ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó hàn gbangba.

Mi ò fọwọ́ kàn án. Màmá ní kí ló ń ṣe mí, ẹ̀wà Amantina tí gbogbo ìlú ń du. Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Ó gbé síbí sílẹ̀. Ó wá ní, "Wúńdíá tí mo mú wá ló fà á?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Èmi ni mo yan ibẹ̀ fún un."

Ó ní, "Tóò. Dìde lọ sọ fún wọn." Ó bo abọ́ náà, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ mi ò tó.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 18

A kì í lu ìṣó lónìí, a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́. Ìlú dákẹ́. Mo gbé Olóòótọ́ sínú báàgì síbẹ̀, mo fi sítíkà sínú àpò aṣọ mi, mo lọ.

Radhamés ò sí nílé. Bàbá ń sùn. Ajẹ́lẹ̀ nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró, láìsinmi: mítà, sítíkà, nọ́ọ̀tì, bí mo ṣe yí i padà tí mo sì pa ẹnu mi mọ́. Mo fi sítíkà hàn án. Mo ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi, kó kígbe pe gbogbo àdúgbò.

Kò tilẹ̀ ta pútú. Ó ń fi ìwé ìjọsìn fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Fior, ṣó o rò pé mi ò ní etí ni? Díráyà wọ̀nyẹn, tí wọ́n bá tan ọ̀kan, mi ò kí ń gbọ́ ohun tí mò ń rò nínú. Tí iná bá lọ, ilé yìí máa ń pa lọ́lọ́ ni. Mi ò gbọ́ díráyà kankan rí nígbà yẹn."

Mo ní, "Màmá! Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Ìwọ lo sọ̀rọ̀. Èmi kàn gbà ẹ́ gbọ́ ni."

Ó ní ọmọbìnrin yẹn ti sọ ilé òun di ọjà, àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Radhamés máa ń pe ìyàwó rẹ̀ kó tó pe òun. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti tán. Bàbá ń mí, ilé dákẹ́. Lọ jẹ ẹ̀wà ẹ. Tó o bá tú u síta, orúkọ ta ló máa bàjẹ́, tèmi ni àbí tìẹ?"

Mo padà sílé. Bó ṣe burú tó, kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí jù. Èmi náà ní etí. Ní Oṣù Kẹta, mo dúró nínú ilé yẹn nígbà tí iná ti lọ, mo sì gbọ́ ẹ̀rọ Bàbá tó ń mí, mo gbọ́ eṣinṣin. Kò sí ohun mìíràn tó ń dún. Mi ò nílò mítà láti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín, mo sì fẹ́ borí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta Mímọ́, 19

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Paya láàárọ̀. Yudelka ti gbé àga mẹ́ta sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ó kún fọ́fọ́, gbogbo obìnrin ló fẹ́ kí irun àwọn dán fún Àjíǹde. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n mọ̀ mí.

Mo ní, "Yudelka, mo wá —" Ó ní, "Ẹ jókòó, àǹtí. Ẹ̀yin ló kàn." Kò kàn mí o, ẹni mẹ́rin ló wà níwájú mi. Kò sí èyí tó jiyàn.

Ó gbé orí mi lé etí baṣíà. Ó da omi lé e. Mo dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú mi sí òrùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo gbé ohùn sókè kí èyí tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́, torí nígbà tí mo ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, mi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo sọ ti sítíkà. Mo sọ ti nọ́ọ̀tì. Mo sọ pé mo mi orí. Mo sọ ti imọ̀ ọ̀pẹ, mo sọ ti abọ́ ẹ̀wà. Mo sọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ. Ọṣẹ wọ ojú mi, mi ò nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń fọ irun mi bó ṣe máa ń fọ ti ẹnikẹ́ni.

Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Ọ̀pẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbà yẹn, díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da omi tó kẹ́yìn lé mi lórí. Omi tútù.

Ó mú mi lọ sórí àga. Díráyà kan yẹn, èyí tó gbé lọ́jọ́ tó kúrò nílé, ló tan. Ó fa irun apá ọ̀tún mi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nà án, ó gbóná débi pé omi bọ́ lójú mi. Apá ọ̀tún jọ̀lọ̀, ó bọ́ dé èjìká. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú apá òsì ni wọ́n mú iná lọ.

Kò sí ínfátà níbẹ̀. A jókòó. Èmi àti àwọn obìnrin tó kù, orí wa tutù, omi ń kán sí wa lẹ́yìn. Mo wá mọ bó ṣe máa ń rí ní àgbàlá Ajẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúró de iná, tí ọmọ yìí ò jẹ́ fọwọ́ kan díráyà nítorí bàbá ọkọ rẹ̀ tó ń mí lábẹ́ òrùlé kan náà.

Iná dé. Àdúgbò hó yèè, rédíò méjì ké lẹ́ẹ̀kan náà. Yudelka yọ wáyà díráyà lára ògiri, ó ká a, ó fi kọ́.

"Ó parí, àǹtí."

Ẹnì kan ní, "Apá òsì ńkọ́?" Apá òsì ti ń gbẹ fúnra rẹ̀, ó ká jọ, ó sì ta sókè.

Èmi ni Yudelka ń wò nínú dígí. Ó ní, "Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bi yín. Ẹni tó bá bi yín, ẹ dá a lóhùn." Ó yí sí àwọn tó kù: "Ta ló kàn?"

Ìyá rẹ̀ na gèlè kan sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Àánú mi ṣe é. Mo dúpẹ́, mi ò gbà á.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ bi mí. Mo sọ fún un lórí ìrìn, afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ mi lọ, ó ń ní, "Ẹ tún un sọ, mi ò gbọ́," mo sì tún un sọ. Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà wa, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Oníṣọ́ọ̀bù ìkángun bi mí, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin tó ń gbé òdòdó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bi mí. Ọ̀kan pòṣé, ó kọjá. Èyí tó dorí kodò lọ́jọ́ Ọ̀pẹ wà láàárín wọn. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú tì mí níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Kò fúyẹ́ sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti rò pé á fúyẹ́.

Mo dé ilé Ajẹ́lẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí orí mi, ó dìde, ó fẹ́ ti géètì. Radhamés jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà imú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó ń fọ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ máa ń fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wò mí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí Fior! Ta ló ṣe yín lórí báyìí?"

Mo ní, "Ìyàwó ẹ ni."

Ó dúró. Ajẹ́lẹ̀ ní kí n máa lọ sílé, ó ní oòrùn ló ń pa mí. Mo yọ sítíkà nínú àpò mi, mo gbé e lé Radhamés lọ́wọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti orí sítíkà yẹn.